Orí Ọmọ Tó Wọ́ Kì í Pariwo

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn kan gbà pé àgbà lòwe yìí ń yìn. Ẹ padà sọ́jà, ẹ wò ó dáadáa. Ọmọ ti sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀, orí ti yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìyá ń ná ata lọ ní tiẹ̀. Kò lójú lẹ́yìn. Ọmọ náà ò sì lè ké. Aláta tó wà lódìkejì ló rí i: “Ìyá ọlọ́mọ, ẹ tún ọmọ yín pọ̀n o!”

Ọ̀rọ̀ àwọn Aboriginal, onílẹ̀ Ọsirélíà, ló gbé òwe yìí wá sọ́kàn mi. Láàárín wọn àti àwọn ará erékùṣù Torres Strait, tá a bá fi iye èèyàn wé iye èèyàn, àwọn tó ń gbẹ̀mí ara wọn ju ìlọ́po méjì tàwọn ará ìlú yòókù lọ. Ọ̀dọ́ ló sì pọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bèèrè pé àgbà wọn dà, kó kọ́kọ́ bi ìjọba. Láti nǹkan bí 1910 títí di nǹkan bí 1970, ìjọba ń já ọmọ gbà lọ́wọ́ òbí, wọ́n ń kó wọn sílé àwọn òyìnbó àti síbi tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ tí kò ní òbí. Ọdún 2008 ni Kevin Rudd, olórí ìjọba Ọsirélíà nígbà náà, tó tọrọ àforíjì nílé aṣòfin. Ọmọ ìjọsí ti di ìyá àgbà báyìí. Ta ló pọ̀n òun? Síbẹ̀, ó ń pọ̀n ọmọ ọmọ.

Ní Yarrabah, ìlú àwọn Aboriginal lẹ́bàá Cairns, ikú àfọwọ́fà yìí ń mú ọ̀dọ́ ní tẹ̀léǹtẹ̀lé láàárín àwọn ọdún 1980 sí 1990. Ará ìlú fúnra wọn ló jókòó sọ ọ́, wọ́n dá iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀, ọmọ ìlú ń wo ọmọ ìlú. Ikú náà sì rọlẹ̀.

Lọ́dún 2022 ni 13YARN bẹ̀rẹ̀, ìlà tẹlifóònù tí ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú lè pè, nọ́ńbà 13 92 76, tọ̀sán tòru; àwọn èèyàn tiwọn ló ń gbé ìpè. “Yarn” lẹ́nu wọn ni ká jókòó tàkúrọ̀sọ láìkánjú. “Ará ibo ni ẹ́, ọmọ ta ni ẹ́?” ni wọ́n sábà máa fi ń mọ ara wọn, àfi bí ẹni pé Yorùbá ni wọ́n. Ní Daly River, níhà àríwá Ọsirélíà, Miriam-Rose Ungunmerr-Baumann, àgbà obìnrin kan lára wọn, ń kọ́ni ní dadirri: kéèyàn pa lọ́lọ́, kó fi gbogbo ara gbọ́.

Bó o bá rí ẹni tí orí rẹ̀ ń wọ́, tí kò jẹun mọ́, tó ń pín ẹrù rẹ̀ fáwọn èèyàn, má retí kó ké. Bi í ní tààrà: “Ṣé ò ń ronú àtigbẹ̀mí ara ẹ?” Ìbéèrè yẹn ò ní gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Gbọ́ ọ tán, má tíì wàásù. Má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bẹ́ ẹ bá wà ní Ọsirélíà, ẹ jọ tẹ nọ́ńbà yẹn, kó o sì jókòó tì í títí wọ́n á fi gbé ìpè.