Ẹ̀san Kọ́ Ló Pa Ẹfúnṣetán Aníwúrà

Láìpẹ́ yìí ni sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan lórí rédíò tún fi ìtàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà ṣe ìkìlọ̀ fún àwọn obìnrin tí wọn kò tíì rọ́mọ bí. Ó ní kí wọ́n má ṣe jẹ́ kí ìbànújẹ́ sọ wọ́n di ìkà bíi ti Ìyálóde Ìbàdàn tó ń pa ẹrúbìnrin tó bá lóyún, títí Ọlọ́run fi gba ọwọ́ Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, gbẹ̀san lára rẹ̀, tí òun fúnra rẹ̀ sì gbé májèlé jẹ. Àwọn olùgbọ́ ń pè wọlé, wọ́n ń ṣe àmín. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwàásù, mo ti gbọ́ ọ nínú ọkọ̀ èrò, mo sì ti kà á nínú àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi débi pé ó ti sú mi. Inú eré ni ọkùnrin náà ti rí gbogbo ohun tó sọ, ó sì ń rò ó fún wa bí ẹni ń ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ìbàdàn.

Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà nígbà tí ó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ìwé náà sì jáde ní 1970. Nínú eré yẹn, Ìyálóde kò bímọ rí. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí Ẹlẹ́dàá kò ti fi ọmọ jíǹkí òun, ẹrú kankan kò gbọdọ̀ lóyún nínú ilé òun, ó sì ní kí wọ́n pa Adétutù tó rú òfin náà. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó Ọlọ́run, nítorí náà ó kọjú ìjà sí àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ tó, ìlú sì wá gbógun tì í, ó ṣubú, ó sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Èmi tí mo ti kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìwé yìí mọ agbára rẹ̀. Nígbà tí a bá dé ibi ikú Adétutù, kódà àwọn aláriwo tó máa ń jókòó sẹ́yìn kíláàsì a máa dákẹ́ rọ́rọ́. Ní 1981, nígbà tí wọ́n ṣe eré náà ní pápá ìṣeré ńlá ní Ìbàdàn, èrò tó wò ó ju 14,000 lọ. Kò yà mí lẹ́nu pé ohun tí èèyàn tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi ojú ara wọn rí lórí ìtàgé ti gba ipò ìtàn lọ́kàn wọn. Ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé eré lẹ́tọ̀ọ́ láti yí ọ̀rọ̀ padà kí eré rẹ̀ lè dùn, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń gba àwọn obìnrin níyànjú kò ní irú ẹ̀tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó yẹ kí a bi léèrè ni Samuel Johnson. Ọdún 1858 ni òun àti bàbá rẹ̀ dé Ìbàdàn, ibẹ̀ ni ó ti di olùkọ́, ìlú náà ni ó sì fi ṣe ibùgbé ní 1874 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1921 ni ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ó ń gbè sẹ́yìn Ẹfúnṣetán, nítorí kò fi bò pé ọwọ́ rẹ̀ le. Síbẹ̀, Johnson kọ ọ́ kedere pé obìnrin yìí bímọ. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni. Ọmọ náà dàgbà, ó lóyún, ó sì kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860. Ìyá tó sin ọmọ kan ṣoṣo tó ní, pẹ̀lú oyún ọmọ-ọmọ rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní àgàn lórí rédíò.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ẹ̀sùn tí Látòósà fi kàn án, nítorí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀san yìí ti wó lulẹ̀. Mẹ́ta ni ẹ̀sùn náà. Ó ní Ìyálóde kò bá òun lọ sójú ogun. Ó ní kò fi ohun ìjà àti oúnjẹ ránṣẹ́ sí òun nígbà tí òun wà lójú ogun. Ó ní kò jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun kú àbọ̀. Ó parí. Kò sí ẹrú nínú rẹ̀, kò sí oyún, kò sí Adétutù kankan. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1874 ni ó gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, tí ó sì fi igbákejì rẹ̀ jẹ Ìyálóde. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹrúbìnrin ni ó ń bí Ààrẹ nínú, kí ló dé tí kò fi mẹ́nu bà á nígbà tí ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi ba obìnrin náà jẹ́? Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Àwọn olóyè ogun Ìbàdàn náà ní ẹrú rẹpẹtẹ, kò sì sí èyí tó fẹ́ kí ìgbìmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ilé oníkálukú wò.

Ikú rẹ̀ gan-an burú ju ti inú eré lọ, nítorí inú ilé rẹ̀ ni ó ti wá. Kò gbé májèlé jẹ. Ó ní ọmọ kan tí ó gbà tọ́, Kúmúyìílọ lorúkọ rẹ̀. Ọmọ yìí ni Látòósà bá dòwò pọ̀, òun sì ni ó ti àwọn ẹrú méjì tí wọ́n já láti òkè àjà sínú yàrá tí ìyá náà sùn sí ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù Kẹfà ọdún 1874, tí wọ́n sì pa á. Nígbà tí ìlú bèèrè ọ̀rọ̀, àwọn ẹrú méjèèjì ni wọ́n pa ní gbangba. Kúmúyìílọ kò bá wọn kú, bẹ́ẹ̀ ni Ààrẹ wà lórí oyè rẹ̀. Nínú eré, ẹrú ló ń wá ọ̀nà láti gbẹ̀san lára olówó rẹ̀. Ní Ìbàdàn, ọmọ ló ta ìyá, wọ́n wá fi ẹrú dí i. Ẹni tó bá ń wá ẹ̀kọ́ nípa ìdílé fún àwọn olùgbọ́ rẹ̀, kí ló dé tí kò mú èyí?

Kí wá ni Látòósà fẹ́? Owó àti àṣẹ ni. Johnson ní àwọn ẹrú Ẹfúnṣetán tó wà ní oko nìkan tó 2,000, láìka àwọn tó wà nílé, ó sì ní àwọn ọmọ ogun tirẹ̀ àti àwọn tó ń ṣáájú wọn. Òjọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ṣe àkójọ oríkì rẹ̀, wọ́n sì kì í níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ọta, tó ní ẹ̀tù, tí ohun ìní rẹ̀ sì ju ti Ààrẹ lọ. Wọ́n ń fi ìyẹn kọrin fún un létí Ààrẹ! Òun ló ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn ológun, wọ́n ń jẹ ẹ́ ní gbèsè, ogun Látòósà kò sì tán. Ìgbà tí Ẹfúnṣetán wá káwọ́ sẹ́yìn, tí kò tà láwìn mọ́, ni wàhálà dé. Ohun tí Látòósà ṣe fún Ẹfúnṣetán kọ́ ni ó kẹ́yìn pẹ̀lú. Johnson ròyìn bí Látòósà ṣe dọ́gbọ́n lé àwọn olóyè Ìbàdàn méjì, Àìjẹnkú àti Ìyápọ̀ Sẹ́ríkí, ọmọ Balógun Ìbíkúnlé, sínú ikú lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin ni àwọn yẹn, wọ́n sì bímọ. Ẹ̀san ẹrú wo ni wọ́n ń gbà lára tiwọn?

Èmi kò nílò ìwé kí n tó mọ irú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ń ta aṣọ ní Gbági, ó sì máa ń tà láwìn fún àwọn olóṣèlú àti àwọn ìyàwó wọn. Ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń tà láwìn, Màmá Alájé ni wọ́n ń pè é. Nígbà tí gbèsè pọ̀ tó sì ní òun kò tún ní tà àfi kí wọ́n kọ́kọ́ san ti àtẹ̀yìnwá, kò pẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé àgàn ni, pé ojú rẹ̀ kò dára sí ọmọ ọlọ́mọ. Obìnrin tó tọ́ mi. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti gbọ́ pé àìrọ́mọbí ló sọ obìnrin olówó kan di ìkà, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ta ló jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ó di dandan kí n sọ ọ́, kí ẹnìkan má baà sọ pé mo fi pamọ́: Johnson náà kọ ọ́ pé lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀, Ẹfúnṣetán bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá ṣẹ́ oyún lára àwọn ẹrúbìnrin rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì bá a lọ. Ìkà ni, n kò ní wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀fọ̀ ọmọ tó kú sórí ìkúnlẹ̀ ni Johnson so ó mọ́, kò sì sọ níbì kankan pé tìtorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe pa á. Àwọn ẹrúbìnrin wọ̀nyẹn kò rí ẹni gbèjà wọn ní Ìbàdàn, Látòósà kọ́ ni yóò sì di agbẹ̀san fún wọn lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ bá mi jiyàn, kí ó fi oyún hàn mí nínú ẹ̀sùn mẹ́ta yẹn.