Ẹ̀rọ Ń Ké, Wọn Ò Kọ́ Wa Lédè Rẹ̀

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Páálí òkú Èkó méjì ni mo dà sí kòtò lẹ́yìn ilé ní Sátidé tó kọjá, títù kan, kótè kan. Nígbà tí mo ṣí fírísà, omi pupa ti dúró nísàlẹ̀ rẹ̀, ojú àwọn títù náà ti wọnú, mo fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, ìka mi wọlé. Owó ọjà mi nìyẹn.

Ẹja náà kò ní àbùkù nígbà tí mo rà á. Ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná sóólà àti bátìrì di iná tí ilé ń lò, ló kú. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ẹ̀rọ yẹn ti sọ ohun tó ń ṣe é fún wa fún odindi ọjọ́ mẹ́rin kó tó kú, a ò gbọ́ èdè rẹ̀ ni.

Láti ọjọ́ Ajé ló ti ń ké. Pí-pí-pí, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sinmi tọ̀sán-tòru. Lójú rẹ̀, 01 ń ṣẹ́jú. Mo pe ẹnjiníà tó bá wa so ó. Ó ní, "Màmá, ẹ má dá a lóhùn jàre, iná tó ń fì ló ń dà á láàmú." Mo gbà á gbọ́. Òun ló kọ́ṣẹ́, èmi ẹja ni mò ń tà. A ti ilẹ̀kùn abẹ́ àtẹ̀gùn tó kọ́ ọ sí pa, kí a lè rí oorun sùn.

Ní òru Ọjọ́bọ̀, igbe náà yí padà, gbogbo ilé ṣú. 01 ti lọ, 02 ló dúró gbagidi síbẹ̀, kò ṣẹ́jú mọ́. Iná ìjọba kò sí, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí mo ní kò lè gbé fírísà méjì. Inú Ìkòròdú wa yìí kan náà ni ilé iṣẹ́ amúnáwá Egbin wà o, ẹ̀rọ mẹ́fà, 220 mẹ́gáwáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwa tí a ń gbé nítòsí rẹ̀ ló ń fi owó ẹja ra bátìrì.

Láàárọ̀ Jímọ̀, ẹnjiníà gun ọ̀kadà wá láti Sábó. Kó tó tú báàgì rẹ̀, ó ti gba ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náírà, ó ní owó àyẹ̀wò ni. Kí ló ṣe? Ó pa á, ó dúró díẹ̀, ó tún tàn án. 02 lọ. Ó ní ó ti bọ́ sípò. Kò lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá nínú ilé mi. Kó tó dé géètì, 01 ti tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, pí-pí-pí, mo sì sáré pè é padà. Ó bojú wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó ní yóò kúrò fúnra rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà, ó lọ.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, 02 ti padà dé. Mo tún pè é. Orí fóònù ló wà, kò rí ẹ̀rọ, kò fọwọ́ kàn án, ó ní, "Bọ́ọ̀dù ti jó nìyẹn, Màmá. Ẹ wá ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án."

Mo jókòó sórí páálí, mo ń ṣírò ibi tí n ó ti yá a. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi gbé ló bi mí pé, "Àǹtí, ìwé ẹ̀rọ yìí dà?" Ìwé wo? Ọjọ́ tí wọ́n so ó ni ẹnjiníà ti gbé páálí rẹ̀ lọ, ìwé wà nínú rẹ̀, ó ní ìdọ̀tí lòun ń bá mi kó. Ọmọ náà ka orúkọ tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ìwé náà sì jáde.

Ní apá ẹ̀yìn rẹ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. 01, fáànù ti há. 02, ooru ti pọ̀ jù nínú ẹ̀rọ. 04, bátìrì ti lọ sílẹ̀. 07, ẹrù pọ̀ jù fún un, bí ìgbà tí èèyàn bá ń lọ aṣọ nígbà tí ẹ̀rọ ìfami ń fa omi. Nọ́ḿbà tó bá ń ṣẹ́jú, ìkìlọ̀ ni, ẹ̀rọ ṣì ń ṣiṣẹ́. Èyí tó bá dúró gbagidi, ẹ̀rọ ti pa ara rẹ̀ kó má baà jó. Igbe pàápàá ní ìtumọ̀! Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá, bátìrì ni. Ẹ̀ẹ̀mejì, ẹrù ló wúwo. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, fáànù. (Ti ẹ̀rọ tèmi nìyí. Ẹ̀rọ míì ní nọ́ḿbà tirẹ̀, ìwé tiyín ni kí ẹ wò.) Fáànù, fáànù, fáànù ló ń ké sí wa létí láti ọjọ́ Ajé, ẹni tó mọ̀ sì ní kí n má dá a lóhùn.

A pa suwíìṣì sóólà, a pa ti bátìrì àti ti iná ìjọba, a kò sì tú ẹ̀rọ náà, nítorí iná ṣì máa ń wà nínú rẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. A kàn tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú fáànù láti ìsàlẹ̀. Ọmọńlé ni. Ó ti gbẹ, ìrù rẹ̀ há sáàárín abẹ fáànù méjì, eruku sì bò ó bí òwú. Láàárọ̀ Sátidé, ọmọkùnrin kan tó ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Agric wá tú fáànù náà, ó yọ ọmọńlé náà, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku fáànù. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ló gbà. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n ní ó ti jó ló ń gbé fírísà mi títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ìwé yẹn kan náà tún ní kí wọ́n fi àlàfo 20 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ, 50 lókè àti nísàlẹ̀, kí afẹ́fẹ́ lè rìn. Lábẹ́ àtẹ̀gùn mi, àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo fi wọn òkè rẹ̀, kò gba ju ẹyọ kan lọ. Ẹnjiníà ló yan ibẹ̀, ó ní ibẹ̀ ló bójú mu.

Ẹ̀yin tí ẹ ń so ẹ̀rọ yìí fún wa, kí ló dé tí ẹ ń kó ìwé rẹ̀ lọ? Kí ló wúwo nínú kí ẹ jókòó ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ sọ fún onílé pé bó bá ké báyìí, nǹkan báyìí ni? Ẹ pa nọ́ḿbà rẹ́ lójú rẹ̀, ẹ pè é ní àtúnṣe, ẹ gbowó. Àìmọ̀ wa lẹ fi ń jẹun. Ìyá tó ń ta ẹja, bàbá tó fi owó ìfẹ̀yìntì ra bátìrì mẹ́rin, àwọn lẹ ń sọ pé bọ́ọ̀dù wọn ti jó láìtú síkúrúù kan.

Mo ti kọ àwọn nọ́ḿbà náà sára páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, lédè Yorùbá. Mo fi fọ́tò ọmọńlé náà ránṣẹ́ sí ẹnjiníà lórí WhatsApp, mo ní kó dá ẹgbẹ̀rún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mi padà. Láti Sátidé ló ti kà á. Kò tíì fèsì, mi ò sì ní yé pè é.