Ewé tútù kò ní iná lára

Láti Kàbà dé Ẹ̀gbẹ̀, kò sí awakọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n: bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ sójú títì, ká já ewé, ká tò ó sẹ́yìn ọkọ̀, ó parí. Èmi náà ti já a rí nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan láàárín Mọ̀pà sí Ìsánlú, ọkàn mi sì balẹ̀ bí ọkàn ẹni tó ti sanwó orí.

Lójú ọ̀sán, ewé ń ṣiṣẹ́. Lóru, irọ́ ni. Bí iná ọkọ̀ bá bà lé ewé, ewé a gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì, a fọ́n ìyókù káàkiri. Èyí tó ń padà sójú awakọ̀ kò tó nǹkan. Ohun tó ṣú lórí ọ̀dà tó dúdú! Kọ́ṣọ̀n onígun mẹ́ta yàtọ̀. Wọ́n ṣe ike pupa ara rẹ̀ kó lè dá iná padà síbi tó ti wá gan-an. Ìdí nìyẹn tí Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó fi ń mú ẹni tí kò bá ní in. Kì í ṣe torí owó nìkan, bí a ṣe máa ń kùn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ọkọ̀ tó ń sá 80 kìlómítà ní wákàtí kan ń jẹ nǹkan bíi mítà 22 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ojú tó rí nǹkan, kí ẹsẹ̀ tó kan búréèkì, mítà 33 ti lọ. Kí ọkọ̀ tó dúró lórí títì gbígbẹ, ó tún fẹ́ bíi 36. Ewé tí ẹ wá tò sí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí tírélà ńkọ́? Ẹni tó bá rí i ti dé ìdí tírélà. Ẹ ka ìṣísẹ̀ 100 kí ẹ tó gbé kọ́ṣọ̀n kalẹ̀.

Tírélà gba ẹ̀gbẹ́ títì, ewé gba ìyókù. Ibo ni ìyá tó ń bọ̀ láti ìṣọ́ òru yóò gbà? Àárín títì ni. Ó rí iná ọkọ̀ lókèèrè, ó rò pé awakọ̀ ti rí òun náà. Kò tíì rí i. Ọwọ́ òsì ni kó máa gbà, kó kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kó tan tọ́ọ̀ṣì.

Ewé tèmi ọjọ́ náà? Mo padà gba ibẹ̀ ní ọjọ́ kẹta, ó ṣì wà níbẹ̀. Ọlọ́kadà kan ń yà bọ́ sọ́wọ́ òsì, ó ń sá fún ọkọ̀ tí mo ti wà lọ sílé.