Wọn kò ra àwọn baba wa níyè ní kànga Gbẹ̀rẹ̀fú

Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ kọjá ọ̀sà láti Àgbádárìgì lọ sí Gbẹ̀rẹ̀fú yóò ti gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu àwọn tí ń mú àlejò kiri. Wọn yóò dúró létí kànga kan lójú ọ̀nà tí ó lọ sí etí òkun, wọn yóò sì sọ pé níbẹ̀ ni wọ́n ti máa ń fún àwọn ẹrú lómi mu kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ àwọn òyìnbó, pé omi náà kì í ṣe omi lásán, oògùn wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá sì ti mu ún, iyè rẹ̀ ra nìyẹn: kò ní rántí orúkọ ara rẹ̀, kò ní rántí ìyá tí ó bí i, kò sì ní mọ̀nà ilé mọ́. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ ọ, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé ìtàn tí ó bá ti ní kànga tí a lè fọwọ́ kàn nínú a máa dà bí òtítọ́.

N kò sọ pé kànga náà kò sí, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọ pé wọn kò mu omi níbẹ̀. Ẹni tí a fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè, tí ó ń rìn lórí iyanrìn nínú oòrùn, yóò mu omi bí ó bá rí i. Ìgbàgbé tí wọ́n ní ó tẹ̀lé e ni kò ṣẹlẹ̀, ẹlẹ́rìí tí mo sì fẹ́ pè ni obìnrin kan tí ó fi iṣẹ́ ìwádìí nípa ẹ̀dá ènìyàn àti àṣà wọn ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀.

Zora Neale Hurston ni orúkọ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1891, ṣùgbọ́n Eatonville ní Florida ni ó dàgbà sí, ìlú kékeré tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ọwọ́ ara wọn tẹ̀dó, tí baba rẹ̀ pàápàá sì jẹ olórí rẹ̀ rí. Ìyá rẹ̀ kú ní 1904, ilé sì tú mọ́ ọn lórí. Nígbà tí yóò fi di 1917, ó ti kọjá ọmọ ọdún 25 láìtíì parí ilé-ìwé girama, ni ó bá yọ ọdún 10 kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí wọ́n lè gbà á sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ní Baltimore. (Ọdún 1901 ni wọ́n padà fín sára òkúta ibojì rẹ̀, nítorí náà a lè sọ pé òun náà ra aráyé níyè díẹ̀.) Láti ibẹ̀ ó dé Yunifásítì Howard, ó sì dé Barnard College ní New York, níbi tí ó ti gboyè jáde ní 1928, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a mọ̀ pé ó ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Franz Boas, ọ̀gá àgbà nínú ẹ̀kọ́ náà ní Amẹ́ríkà, ni olùkọ́ rẹ̀. Boas gbé irin ìwọnrí lé e lọ́wọ́ pé kí ó máa wọn orí àwọn ènìyàn ní ìgboro Harlem, kí wọ́n lè fi já irọ́ àwọn tí ń sọ pé orí aláwọ̀ dúdú kò gba ọgbọ́n.

Ní oṣù Keje ọdún 1927, ó wá bàbá arúgbó kan lọ sí Africatown, lẹ́bàá ìlú Mobile ní Alabama. Cudjo Lewis ni àwọn ará Amẹ́ríkà ń pe bàbá náà, ṣùgbọ́n Kossola ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Ọmọ nǹkan bí ọdún 19 ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhọ̀mì kó ìlú rẹ̀ ní 1860. Àwọn olùwádìí gbà pé agbègbè Bantè ni ìlú náà wà, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Benin lónìí, níbi tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀ka èdè Yorùbá kan. Wọ́n dè wọ́n, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé Ouidah, ọkọ̀ Clotilda sì kó nǹkan bí 110 nínú wọn lọ sí Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ òfin ibẹ̀ ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808.

Mo gbọ́dọ̀ sọ àbùkù iṣẹ́ náà kí ẹlòmíràn má baà fi pa mí lẹ́nu mọ́. Àpilẹ̀kọ tí Zora kọ́kọ́ gbé jáde nípa Kossola ní 1927, apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ó dà kọ láti inú ìwé obìnrin mìíràn. Ṣùgbọ́n ó padà lọ ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó gbé èso píìṣì, itan ẹlẹ́dẹ̀ àti bàrà dání, ó sì ń lọ ń bọ̀ lọ́dọ̀ bàbá náà fún bí oṣù mẹ́ta. Ní ọjọ́ tí bàbá bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó gbọ́. Ní ọjọ́ tí kò bá fẹ́, ó bá a gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí kí ó jókòó tì í kí wọ́n jọ máa jẹun.

Kí ni ẹni tí ó ti kúrò nílé fún ọdún 67 rántí? Ó rántí orúkọ baba rẹ̀ àti ti ìyá rẹ̀. Ó rántí bí wọ́n ṣe ń dájọ́ apànìyàn ní ìlú wọn, ó rántí ìró orò, ó rántí ọmọbìnrin tí ojú rẹ̀ wà lára rẹ̀ lọ́jà. Ó ka orúkọ àwọn ibi tí wọ́n gbà kọjá títí dé òkun, Àgbádárìgì sì wà nínú wọn. Nígbà tí Zora kọ́kọ́ pè é ní Kossola, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ sì wo orúkọ tí ó sọ àwọn ọmọ tí ó bí sí Alabama: bí òyìnbó ṣe kọ ti ọ̀kan sílẹ̀ ni Iyadjemi, ti òmíràn sì jẹ́ Adeniah. Ta ni nínú wa tí ẹnìkan yóò túmọ̀ Ìyàjẹmí fún?

Ẹnìkan lè sọ pé Kossola kò mu omi Gbẹ̀rẹ̀fú, Ouidah ni ó ti wọkọ̀. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n Ouidah náà ní ìtàn tirẹ̀: igi ìgbàgbé ni wọ́n ń fi han àlejò níbẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin a yí i ká ní ìgbà mẹ́sàn-án, obìnrin ní ìgbà méje, kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Ẹni tí Ouidah bá sì jìnnà sí, kí ó wo Àgbádárìgì fúnra rẹ̀. Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró, tí ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ti ń gúnlẹ̀ sí etíkun yìí, tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ajayi Crowther tí wọ́n kó ní Òṣogùn ní 1821 wà lára àwọn tí ó dé síbí ní 1845. Ogun dí ọ̀nà mọ́ ọn fún ju ọdún kan lọ, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi dé Abẹ́òkúta ní 1846, òun àti ìyá rẹ̀ dá ara wọn mọ̀. Bí iyè wọn bá ti ra, kí ni wọ́n ń wá bọ̀ ní ibi tí wọ́n ti rà wọ́n?

Èrò tèmi ni pé ìtàn omi yìí rọ̀ wá lọ́rùn. Ẹni tí ó ti gbàgbé kò lè béèrè ẹni tí ó tà á, àwọn tí wọ́n sì tà wọ́n ní etíkun yìí ní ọmọ àti ọmọ-ọmọ láàrin wa. Zora náà kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí ó dun òun jù nínú ọ̀rọ̀ Kossola ni pé àwọn ènìyàn òun ni wọ́n ta àwọn ènìyàn òun.

Ó parí ìwé Kossola, tí ó pè ní Barracoon, ní 1931. Ilé ìtẹ̀wé kan ní àfi kí ó tún èdè bàbá náà ṣe sí Gẹ̀ẹ́sì gidi kí àwọn tó gbé e jáde, ó kọ̀. Ó lọ sí Jàmáíkà àti Haiti láti ṣe ìwádìí lórí ẹ̀sìn àti ààlọ́ wọn. Ó kọ́ni ní eré orí ìtàgé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Florida ní 1934 àti ní òmíràn ní Durham ní 1939, kò sì pẹ́ ní èyíkéyìí nínú wọn. Inú ilé ìtọ́jú aláìní ni ó kú sí ní 1960, ibojì rẹ̀ kò ní àmì títí di 1973, iná ti ń jó àwọn ìwé rẹ̀ kí ẹnìkan tó sáré pa á. Barracoon kò jáde àfi ní 2018. A kò mu omi kànga kankan kí a tó gbàgbé obìnrin náà.

Nínú àwọn ọjọ́ tí ó fi bá Kossola gbé, ó ní òun fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀. Bàbá wọlé lọ wọ kóòtù tí ó dára jù lọ lára aṣọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà, ó jáde ní ẹsẹ̀ lásán, ó ní kí ó ya òun bí ẹni tí ó wà ní Áfíríkà, nítorí ibẹ̀ ni òun fẹ́ wà.