Ìtọ̀ tó pọ̀, tó mọ́ gaara, kò ní kí ọkàn ti yá

"Ṣé ẹ tọ̀ dáadáa?" Ìbéèrè tí àwọn ará ilé máa ń kọ́kọ́ bi ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́ nìyẹn, tó bá ti lo oògùn tó ń lé omi jáde lára. Bó bá ní òun tọ̀ títí ó fi sú òun, tí ìtọ̀ náà sì mọ́ gaara, inú gbogbo ilé á dùn: oògùn ti jẹ́. Bí ìtọ̀ bá wá pọ́n díẹ̀, tàbí tó dín kù, àyà oníkálukú á bẹ̀rẹ̀ sí í já.

N kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìbéèrè yẹn. Àwọn nọ́ọ̀sì pàápàá ń wọn ìtọ̀ nílé ìwòsàn. Ìgbàgbọ́ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ní ìjà pẹ̀lú: pé téèyàn bá ti wo bí ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó àti àwọ̀ rẹ̀, ó ti mọ ibi tí àìsàn ọkàn bá a dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè sọ bí nǹkan yóò ṣe rí fún ẹni tó ní heart failure, ìyẹn àìsàn ọkàn tí kò lágbára mọ́ láti ti ẹ̀jẹ̀ bó ṣe yẹ, ti yòrò sínú ìtọ̀ náà, ojú kò sì lè rí i.

Ẹ jẹ́ ká tètè mú ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò lọ́nà, torí òun ló rọrùn jù. Ohun tó ń mú ìtọ̀ pọ́n rúsúrúsú jẹ́ ìdọ̀tí kan tó ń wá láti ara ẹ̀jẹ̀ tó ti gbó. Bí omi bá pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀, àwọ̀ náà á ṣì. Bí omi bá kéré, á ki. Fítámì B téèyàn gbé mì láàárọ̀ nìkan tó láti sọ ìtọ̀ di yẹ́lò tó ń dán yanran. Ìtọ̀ tó mọ́ gaara ń sọ pé omi pọ̀ nínú rẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Ti pé ó pọ̀ ló gba àlàyé. Nígbà tí ọkàn kò bá lè ti ẹ̀jẹ̀ síwájú bó ṣe yẹ, kíndìnrín á máa ṣe bí ẹni pé omi ti ń tán lára. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ha iyọ̀ mọ́wọ́, kò ní jẹ́ kó bá ìtọ̀ jáde. Ibi tí iyọ̀ bá sì wà ni omi ń wọ́ tẹ̀ lé e lọ. Bí ẹsẹ̀ ṣe ń wú nìyẹn, tí omi ń gun inú ẹ̀dọ̀fóró, tí aláìsàn kò fi lè sùn àfi tó bá gbé orí sókè. Nítorí náà, iyọ̀ gan-an ló yẹ kó jáde. Èèyàn méjì lè tọ̀ kún ìgò kan náà dé ojú ìlà kan náà, kí iyọ̀ inú ti ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta ti èkejì. Ẹni àkọ́kọ́ á rí i pé ẹsẹ̀ òun ń fọn. Ẹnì kejì tọ̀ títí, ẹsẹ̀ ṣì wú.

Ohun tó fa ìyàtọ̀ yẹn wà nínú bí oògùn náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Furosemide, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Lasix, kì í ṣiṣẹ́ látinú ẹ̀jẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e dé kíndìnrín. Kíndìnrín gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tì í bọ́ sínú àwọn ọ̀pá tín-ín-rín tí ìtọ̀ ń gbà kọjá. Inú ibẹ̀ ló ti ń dènà iyọ̀ kó má bàa padà sára. Bí ìṣòro ọkàn bá ti wá dé bá kíndìnrín náà, oògùn tó ń dé ibi iṣẹ́ á kéré, ìwọ̀n tó tó fún ẹnì kan kò sì ní ran ẹlòmíràn.

Ìdí nìyẹn tí ìlànà ti ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ní Yúróòpù, European Society of Cardiology, gbé jáde ní 2021 fi ní kí wọ́n wọn sodium, èròjà inú iyọ̀, nínú ìtọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ wú tó sì wà nílé ìwòsàn. Wákàtí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ni wọ́n ní kí wọ́n ti wò ó. Bí kò bá tó 50 sí 70 mmol (ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka èròjà) nínú lítà kan, oògùn kò tíì ṣiṣẹ́ tó, kí wọ́n fi kún un lọ́jọ́ náà dípò kí wọ́n dúró de ọ̀la. Ìlànà yìí ṣì ka bí ìtọ̀ ṣe pọ̀ tó sí o: bí kò bá tó 100 sí 150 mílílítà ní wákàtí kan, láàárín wákàtí mẹ́fà àkọ́kọ́, kò tíì tó. Wíwọn ìtọ̀ wúlò, àmọ́ sodium ti sọ̀rọ̀ kí ìgò tó kún. Àwọn tí sodium wọn kéré lẹ́yìn oògùn ló sì máa ń padà sílé ìwòsàn jù, àwọn náà ni ikú máa ń pọ̀ láàárín wọn.

Àwọn kan á sọ pé, "Kíndìnrín nìyẹn, kí ló kàn án pẹ̀lú ọkàn?" Ó kàn án gan-an. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ló ń gba inú kíndìnrín kọjá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn dókítà pé ẹ̀jẹ̀ tí kò dé ibẹ̀ tó ló ń ba kíndìnrín àwọn aláìsàn ọkàn jẹ́. Ìyẹn wà níbẹ̀ lóòótọ́. Àmọ́ ní 2009, ìwádìí kan lórí àwọn tí àìsàn náà ti wọ̀ lára gan-an fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ tó ń kó jọ sẹ́yìn, nínú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń dá a padà sí ọkàn, ló bá bíbàjẹ́ kíndìnrín rìn jù. Ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí ni: bí ìsàlẹ̀ ò bá ṣàn, òkè á kún. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ sé mọ́ inú rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jò.

Ohun tó sì ń jò ni albumin, purotéènì tó yẹ kó dúró sínú ẹ̀jẹ̀. Lójúmọ́, kíndìnrín tó dá ṣáṣá ń sẹ́ nǹkan bí 180 lítà omi látinú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ padà. Albumin tó ń bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ kéré jọjọ. Tí wọ́n bá ń wọn èyí tó bọ́ sínú ìtọ̀, wọ́n máa ń fi creatinine, ìdọ̀tí tó ń wá láti ara iṣan ẹran ara, pín albumin náà. Èmi fẹ́ràn ọgbọ́n yìí púpọ̀, torí bí aláìsàn mu omi títí, tí ìtọ̀ rẹ̀ ṣì bí omi òjò, méjèèjì ló máa ṣì pa pọ̀, èsì kò sì ní yẹ̀. Èyí tí kò bá tó mílígíráàmù 30 sí gíráàmù kan creatinine dára. Láti 30 dé 300, ó ti ń jò. Tó bá kọjá 300, jíjò náà ti le.

Nínú àyẹ̀wò ńlá CHARM, tó dán oògùn candesartan wò, wọ́n wọn albumin nínú ìtọ̀ aláìsàn ọkàn 2,310. Nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni tiwọn ń jò díẹ̀, jíjò ti ìdá 11 sì ti le. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2009 fi hàn pé bí albumin ṣe ń ga sí i ni ikú àti ìpadà sílé ìwòsàn ń pọ̀ sí i. Bí wọ́n tilẹ̀ yọ ipa àtọ̀gbẹ àti ti bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó kúrò nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ kò yí padà. Púpọ̀ nínú àwọn yìí kò lè rí nǹkan kan nínú ìtọ̀ wọn. Ìfófòó tí àwọn èèyàn ń ṣọ́ kì í hàn nígbà tí jíjò náà bá ṣì kéré, ìtọ̀ tó bá sì já láti òkè pẹ̀lú agbára á ho fúnra rẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn wà nínú ìtọ̀: NAG, KIM-1, NGAL, tí àwọn ọ̀pá inú kíndìnrín ń tú jáde tí wọ́n bá fara pa. Nínú àyẹ̀wò GISSI-HF ní Ítálì, wọ́n bá ikú àti ìpadà sílé ìwòsàn rìn. Àmọ́ nínú àyẹ̀wò ROSE-AHF, níbi tí wọ́n ti ń fi oògùn lé omi kíkankíkan, gíga tí àwọn àmì yìí ga kò túmọ̀ sí pé aláìsàn náà á burú sí i. Ọwọ́ àwọn olùwádìí ni kí wọ́n ṣì wà ná.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á ka gbogbo èyí tán, á wá sáré lọ sí òdìkejì: pé ìtọ̀ lè sọ ọjọ́ tí èèyàn máa kú. Rárá o. Ewu àwùjọ èèyàn ni àwọn nọ́ńbà yìí ń wọ̀n, wọn kò dájọ́ fún ẹyọ ẹnì kan. Kódà mímọ̀ ọ́n nìkan kì í wo èèyàn sàn. Nínú àyẹ̀wò PUSH-AHF ní Netherlands, tí àbájáde rẹ̀ jáde ní 2023, àwọn dókítà fi sodium inú ìtọ̀ darí oògùn fún nǹkan bí ìdajì nínú aláìsàn 310. Iyọ̀ jáde dáadáa: 409 mmol ní wákàtí 24, àwọn yòókù 345. Síbẹ̀, nígbà tó fi máa pé ọjọ́ 180, ikú àti ìpadà sílé ìwòsàn kò yàtọ̀ láàárín ìhà méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí n yà bàrá díẹ̀. Ẹni tó bá ń lo dapagliflozin tàbí empagliflozin fún ọkàn rẹ̀ á máa rí ṣúgà nínú ìtọ̀ nígbàkigbà tí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò, bí kò tilẹ̀ ní àtọ̀gbẹ. Oògùn náà ló ń lé ṣúgà jáde. Kí ẹnikẹ́ni má torí ìyẹn pa á tì.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti àwọn tó ń rọ́ omi sínú kí ìtọ̀ wọn lè mọ́. Omi tí ọkàn ò lè gbé ni wọ́n ń fi kún omi tó ti pọ̀ jù, sodium inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì lè já wálẹ̀ dé ibi tó léwu. Ohun tó wúlò nílé ju wíwo ìtọ̀ lọ ni ìwọ̀n ara láràárọ̀: bó bá fi ju kílò méjì lọ láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ẹ pe dókítà, ẹ má sì dá fi kún oògùn.

Ti albumin, ẹ lè béèrè fún un. Ìtọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló dára jù. Ibà, àkóràn ojú ìtọ̀, nǹkan oṣù àti iṣẹ́ àṣelàágùn lè mú kó ga fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà èsì ẹ̀ẹ̀kan kò tó. Bó bá ga nínú àyẹ̀wò méjì lára mẹ́ta láàárín oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, kí ẹ jókòó ti dókítà lórí oògùn tó ń dín jíjò kù. Púpọ̀ nínú wọn wà lára oògùn tí wọ́n ti ń fún àwọn aláìsàn ọkàn tẹ́lẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ ló lè kù díẹ̀.