Ẹ Gbé Òfin Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìwé Adah

Bí Second-Class Citizen, ìwé ìtàn àròsọ tí Buchi Emecheta kọ, bá bọ́ sínú ìdánwò lítíréṣọ̀, ìwà Francis, ọkọ Adah, obìnrin Nàìjíríà tí ìtàn náà dá lé lórí, ló sábà máa ń gba gbogbo ìdáhùn. Òǹrorò ni Francis, a ò jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀kọ́ bá parí síbẹ̀, a ti sọ ìwé òṣèlú di ẹjọ́ tọkọtaya. Kí àwọn olùkọ́ yunifásítì wa jáwọ́ ńbẹ̀.

Ẹ wo ìgbà tí Adah lọ síbi ìfètòsọ́mọbíbí ní Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ń tẹ̀ lé ọmọ, ìdánwò ìṣirò owó tí Francis wá ṣe kò sì bọ́ sí i. Wọ́n fún Adah ní fọ́ọ̀mù tí ọkọ gbọ́dọ̀ buwọ́ lù. Ó mọ̀ pé Francis kò ní gbà, ló bá fọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lù ú lórúkọ Francis. Nígbà tí àṣírí tú, Francis lù ú, ó sì ní òun máa kọ̀wé sílé fún àwọn òbí òun. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ìbuwọ́lùwé yìí lọ sínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò ní bá a níbẹ̀. Ìlànà ilé ìwòsàn ni. Àwọn tó tẹ fọ́ọ̀mù yẹn ló fi kọ́kọ́rọ́ lé Francis lọ́wọ́, Francis kàn lò ó ni.

Nígbà tí òfin ọdún 1967 dé, ó yọ̀ǹda fún kánsù láti pèsè ìfètòsọ́mọbíbí fún obìnrin, ìbáà wà nílé ọkọ, ìbáà má sí. Kò fi dandan lé e. Kánsù tó bá wù ú ṣe é, èyí tí kò bá wù jókòó. Ọdún 1974, tí ìwé Emecheta jáde gan-an, ló di ọ̀fẹ́ lábẹ́ ètò ìlera ìjọba.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú ìwé àwọn obìnrin ilẹ̀ náà. Winifred Holtby, òǹkọ̀wé ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí ìyá rẹ̀ jókòó nínú kánsù East Riding ní Yorkshire, pín ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, South Riding, sí apá mẹ́jọ, ó sì fi orúkọ ìgbìmọ̀ kánsù pe apá kọ̀ọ̀kan: ètò ẹ̀kọ́, ọ̀nà àti afárá, ìlera ìlú, ìnáwó àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọdún 1936 ló jáde, lẹ́yìn ikú rẹ̀. Lydia Holly inú rẹ̀, ọmọ tálákà tí orí rẹ̀ pé, fi ilé ìwé sílẹ̀ nítorí ìbímọ pa ìyá rẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò tọ́jú àwọn àbúrò. Láti 1930 ni iléeṣẹ́ ìlera ti gba kánsù láyè láti dá abilékọ tí oyún lè ṣe ní jàǹbá lẹ́kọ̀ọ́ ìfètòsọ́mọbíbí. Àyè lásán náà nìyẹn.

Àwọn kan á ní lítíréṣọ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ́ òfin. Wákàtí kan péré nínú sáà la ń béèrè, pẹ̀lú ẹ̀dà òfin 1967, tí kò gùn rárá, àti ìbéèrè ìdánwò kan: ta ló ní kí ọkọ buwọ́ lùwé?

Kí olùkọ́ ṣọ́ra fún ọjọ́ o. Ìwé 1974 ni, àmọ́ ìtàn àwọn ọdún 1960 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fi òfin tó lòdì sí ẹlẹ́yàmẹ̀yà ti 1968 wo ìkìlọ̀ pé wọn kò gba aláwọ̀ dúdú, èyí tí Adah ń bá pàdé nígbà tó ń wá yàrá, á rò pé onílé rú òfin ni. Nígbà yẹn, kò tíì sí òfin tó ní kó má kọ ọ́.