Ẹ Tì Wá Mọ́lé, A Ti Sanwó

Ẹni tó bá ti San Francisco dé lóde òní, tó ní igbó nìkan lòun rí, ojú tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa fi wò ó kò ní dára. Ìrìn-àjò alápapọ̀ ló wà lójú ọpọ́n báyìí. Láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo, èèyàn á wọ igbó Muir Woods láàárọ̀, á jẹun ọ̀sán ní Sausalito létí omi, á sì ṣẹ̀wọ̀n díẹ̀ ní Alcatraz, erékùṣù tó ti jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n rí, kí ilẹ̀ tó ṣú. Amọ̀nà wà níwájú, bọ́ọ̀sì wà nílẹ̀, owó tó ju 100 dọ́là lọ ti kúrò lápò. Ó ku kí wọ́n máa tì yín síwájú.

Àwọn èèyàn rò pé orí erékùṣù ni ẹ̀wọ̀n yẹn ti ń bẹ̀rẹ̀. Rárá o. Ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń kó èrò ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Amọ̀nà á ka orí yín kí ẹ tó wọlé, á tún un kà tí ẹ bá jókòó tán, á kà á lẹ́ẹ̀kan sí i tí ẹ bá jáde nínú igbó. Ẹni tó bá pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀, gbogbo ọkọ̀ ló máa fi ojú bẹ́ ẹ lórí. Bí àwọn wọ́dà Alcatraz náà ṣe ń ka àwọn èèyàn tiwọn láti àárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. Ìyàtọ̀ kan wà ṣá. Òfin karùn-ún nínú ìwé òfin ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ sọ pé oúnjẹ, aṣọ, ilé àti ìtọ́jú ìṣègùn jẹ́ ẹ̀tọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Ohun yòówù tó bá rí gbà lẹ́yìn ìyẹn, ojú rere ni. Ẹ wá yẹ tíkẹ́ẹ̀tì tiyín wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ ọ̀sán gan-an kò sí níbẹ̀.

Ẹ̀wọ̀n yìí náà ló ń darí aago gbogbo ọjọ́ náà. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo ni ìjọba Amẹ́ríkà fún láṣẹ láti máa gbé àwọn àlejò gúnlẹ̀ sí Alcatraz, èbúté Pier 33 ní San Francisco ló sì ti ń gbéra. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà erékùṣù. Owó ọkọ̀ lẹ̀ ń san, ó sì ju 40 dọ́là lọ fún àgbàlagbà. Nǹkan bí oṣù mẹ́ta ṣáájú ni tíkẹ́ẹ̀tì ti máa ń jáde. Tó bá di àsìkò ooru, ó lè ti tán ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ọjọ́ tó pé. Ẹni tó bá sùn gbàgbé á wá sáré lọ bá àwọn tó ń ṣètò ìrìn-àjò alápapọ̀, torí àwọn ti ra tiwọn sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń pariwo pé ìfẹ́ igi ló gbé òun dé Muir Woods, ẹ̀wọ̀n ló ń wá tí kò rí rà. Igbó ni wọ́n fi ṣe ènì fún un.

Àwọn ọlọ́gbọ́n mìíràn tún wà. Wọ́n á kọ "Alcatraz" gàdàgbà sórí ìpolówó, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ wọn kàn máa yí erékùṣù náà po ni, kò ní dúró. Ẹ wo ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín: tí kò bá dárúkọ Pier 33, tí kò sì kọ aago tí ọkọ̀ máa gbéra, òkèèrè lẹ ti máa juwọ́ sí ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó juwọ́ sí i yìí náà, tí wọ́n bá délé, "a lọ Alcatraz" ni wọ́n ń wí.

Kí ẹ tó dé igbó, ẹ máa kọ́kọ́ gba orí afárá Golden Gate, tí wọ́n ṣí ní 1937. Gbogbo ọkọ̀ á na fóònù sókè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á ya dígí fèrèsé àti ìpàkọ́ ẹni tó jókòó níwájú wọn. Lẹ́yìn afárá ni ọ̀nà á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́. Ó tóóró, kọ́ọ̀nà pọ̀ níbẹ̀, ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 35 lọ kò sì gbọdọ̀ gbà á. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ bọ́ọ̀sì kékeré ni wọ́n ń lò. Kí ẹni tí òòyì ọkọ̀ máa ń kọ́ jókòó síwájú, kó máa wo ọ̀nà, kó fi fóònù sápò. Ṣùgbọ́n ta ló máa fi fóònù sápò? Fọ́tò afárá ń lọ lọ́wọ́. Kò ní pẹ́ tí oúnjẹ àárọ̀ á fi máa béèrè ọ̀nà àbájáde, àárín kan náà sì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì á kú.

Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Muir Woods. Láti January 2018, ẹni tó bá wa ọkọ̀ ara rẹ̀ wá gbọ́dọ̀ ti sanwó àyè ìgbọ́kọ̀sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ẹni tó ní òun máa fi fóònù ṣe é tí òun bá dé ẹnu géètì, ó di dandan kó yí ọkọ̀ padà. Àwọn èrò bọ́ọ̀sì máa ń fi èyí yangàn díẹ̀, àfìgbà tí wọ́n bá rí i pé fọ́tò tiwọn náà kò lọ. Ojú á wá pọ́n wọn. Ìyà wo ló tún ju kí èèyàn dúró sábẹ́ igi tó ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀?

Igi tí à ń wí yìí, redwood ni. Púpọ̀ nínú wọn ti lo 500 sí 800 ọdún, èyí tó ga jù nínú igbó náà sì ga tó ẹsẹ̀ bàtà 258. Ẹ máa gbọ́ tí ẹnì kan máa ń pariwo nínú fídíò rẹ̀ pé abẹ́ igi tó ga jù láyé lòun dúró sí. Kò sí níbẹ̀. Redwood National Park, lọ́nà jíjìn sí àríwá, ni igi tó ga jù yẹn, Hyperion, wà, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 380 ni gíga rẹ̀, bọ́ọ̀sì yín kò sì débẹ̀. Ẹlòmíràn á fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí pákó tí wọ́n tẹ́ fún ìrìn, kó lè gba gbogbo igi sínú fóònù. Á fa ara sẹ́yìn, á yí fóònù síbìí, á yí i sọ́hùn-ún, àwọn èèyàn á máa dá a kọjá. Tí fọ́tò bá jáde, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló jọ.

Èèpo igi yẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n súnmọ́. Ó lè nípọn tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó rí wúruwùru, ohun kan sì wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tannin tí kò jẹ́ kí kòkòrò àti iná tètè rí i gbé ṣe. Kùrukùru tí gbogbo wọn ń bú pé ó ba fọ́tò jẹ́, òun ló ń fún igi lómi ní àsìkò tí òjò kò sí. Ó máa ń dì mọ́ ewé, á sì máa kán sílẹ̀. Kùrukùru yìí kan náà ló ń tú àṣírí àwọn tó wọ ṣòkòtò péńpé wá nítorí pé California ni wọ́n ń lọ, nínú oṣù July. Òtútù á mú wọn bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ẹni tí ẹ bá rí tó wọ sùwẹ́tà tuntun tí orúkọ ìlú wà láyà rẹ̀, ẹ má bi í pé ta ló rà á fún un. Òtútù ni.

Ibi tó dùn mí jù nìyí, torí igbó yìí ni wọ́n ń rẹ́ jẹ nínú gbogbo ètò náà. William Kent àti ìyàwó rẹ̀, Elizabeth, ra éékà 611 ní 1905 fún 45,000 dọ́là. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ omi kan fẹ́ gbà á láti fi ṣe ìsédò, tọkọtaya náà fi apá kan tọrẹ fún ìjọba, Ààrẹ Theodore Roosevelt sì sọ ọ́ di ohun ìpamọ́ orílẹ̀-èdè ní January 9, 1908. Kent kọ̀ kí wọ́n fi orúkọ òun pè é. Orúkọ John Muir, ẹni tó ń jà fún ìpamọ́ igbó, ló ní kí wọ́n lò. Lóde òní, bóyá ni amọ̀nà fi máa ń fún yín ju wákàtí kan àti díẹ̀ lọ, ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ á sì gba tirẹ̀ nínú rẹ̀. Tí ẹ bá rìn dé Afárá Kejì nínú àwọn afárá kéékèèké inú igbó náà kí ẹ tó ṣẹ́rí padà, ìdajì wákàtí ni. Afárá Kẹta, wákàtí kan. Afárá Kẹrin, wákàtí kan àbọ̀. Ẹ kọjá Afárá Kìíní kíá, ibẹ̀ ni gbogbo ayé ń dúró sí.

Ní Cathedral Grove, apá kan nínú igbó yìí, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí èèyàn dákẹ́. Ní May 19, 1945, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè tó wá sí San Francisco láti dá Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sílẹ̀ kóra jọ níbẹ̀ láti ṣèrántí Franklin Roosevelt, tó kú ní oṣù tó ṣáájú. Àwọn aṣojú ayé lè dúró jẹ́jẹ́ níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni ogún kò lè ṣe é fún ìṣẹ́jú kan. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa yà á! Ẹ tún un yà, ojú mi dì!"

Sausalito kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bọ́ọ̀sì á já yín sí òpópónà Bridgeway, àwọn tí kò dé Ítálì rí á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó jọ Ítálì. Áísìkiriìmù á dọ́wọ́, ẹyẹ etí òkun á máa ṣọ́ ọ. Àwọn ilé orí omi tí gbogbo ìpolówó ń fi hàn, tí wọ́n ju 400 lọ, kò sí níbi tí ọkọ̀ dúró sí. Apá àríwá ìlú ni wọ́n wà, ẹ kò sì ní ráyè rìn débẹ̀ kí ẹ padà. Kò sì sí ẹni tó máa sọ fún yín pé 93 ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n kàn ní Marinship nínú ìlú kékeré yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀ ṣá. Àwọn kan máa ń jẹ́ kí bọ́ọ̀sì lọ, kí àwọn lè fi ọkọ̀ ojú omi padà, nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó dára. Ṣùgbọ́n Ferry Building ni ọkọ̀ Golden Gate Ferry ń já èèyàn sí. Láti ibẹ̀ dé Pier 33, nǹkan bíi máìlì kan ni, ọkọ̀ ẹ̀wọ̀n kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń rí àgbà tó ń sáré lẹ́bàá omi, bàtà lọ́wọ́, tó ń bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí òun bá ẹ̀wọ̀n.

Tó bá wá kan Alcatraz, ẹ má gbé àpò ńlá wá, wọn kò ní gbà á, kò sì síbi ìpamọ́. Ẹ jẹun kí ẹ tó gòkè, torí ní èbúté erékùṣù nìkan ni wọ́n ti gba èèyàn láyè láti jẹun. Omi nìkan ló lè bá yín lọ sókè. Láti èbúté dé ilé ẹ̀wọ̀n, ìdá kan nínú mẹ́rin máìlì kan ni, ṣùgbọ́n òkè ẹsẹ̀ bàtà 130 ni ẹ máa pọ́n, bí ẹni gun ilé alájà 13. Ọkọ̀ kékeré wà fún àwọn tí kò lè gùn ún. Kò sí fún bàtà gogoro.

Ní èbúté náà, àkọlé ńlá wà tó sọ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba nìyí, wọ́n sì fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sí i pé a kí àwọn Indian káàbọ̀. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà ló kọ ọ́ nígbà tí wọ́n gba erékùṣù náà, láti November 20, 1969 títí di June 11, 1971. Gbogbo èèyàn ló ń ya àkọlé yìí. Ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń bi òṣìṣẹ́ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni: "Èwo ni yàrá Al Capone, ọ̀gá ọ̀daràn yẹn?"

Nínú ilé ẹ̀wọ̀n, wọ́n á fún yín ní ẹ̀rọ etí, ó ti wà nínú owó. Ìṣẹ́jú 45 ni, ohùn àwọn wọ́dà àti ẹlẹ́wọ̀n ibẹ̀ gan-an lẹ ó máa gbọ́. Ohun ìyanu á wá ṣẹlẹ̀. Àwọn tí kò dákẹ́ lábẹ́ igi á dákẹ́ síbí. Lójú ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Broadway, ohùn á ní kí wọ́n yà sí ọ̀tún, ọgọ́rùn-ún èèyàn á yà sí ọ̀tún. Ohùn á ní kí wọ́n gbójú sókè, gbogbo àgbọ̀n á gbéra lẹ́ẹ̀kan. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀wọ̀n náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1934, òfin ni wọ́n fi ń pa ẹlẹ́wọ̀n lẹ́nu mọ́. Kò rọrùn tó báyìí fún wọn.

Lẹ́yìn náà ni fọ́tò. Yàrá kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún ní ìbú, mẹ́sàn-án ní gígùn. Wọ́n á wọlé, wọ́n á di irin mú, wọ́n á sì fajú ro. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, fọ́tò á lọ, èsì á sì dé kíákíá.

"Mọ́mì, ẹ wò mí lẹ́wọ̀n!"

"Olúwa má jẹ̀ẹ́! Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mo sanwó ni, mà."

"O sanwó? Fún ẹ̀wọ̀n? Jáde níbẹ̀ kíá!"

Àwọn amòye náà kò gbẹ́yìn. Ọ̀kan á máa ṣàlàyé bí Robert Stroud, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń pè ní Birdman, ṣe sin ẹyẹ níhìn-ín. Kò sin ẹyọ kan ní Alcatraz. Ẹ̀wọ̀n Leavenworth ló ti sin ẹyẹ. Òmíràn á ní òun mọ ibi tí Frank Morris àti àwọn ọmọ ìyá Anglin méjèèjì wà báyìí, àwọn tó sá lọ ní June 1962, tí wọ́n fi orí àtọwọ́dá tó ní irun gidi sórí bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n sì fi aṣọ òjò tó ju 50 lọ ṣe ọkọ̀. Kò sí ẹni tó máa ń dárúkọ John Paul Scott, tó wẹ omi dé Fort Point ní etíkun San Francisco ní December ọdún kan náà, tí wọ́n bá a lórí àpáta tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, tí wọ́n sì dá a padà.

Owó ló ti ẹ̀wọ̀n náà pa ní March 21, 1963. Ọkọ̀ ló ń gbé gbogbo omi mímu lọ síbẹ̀, iyọ̀ òkun ń jẹ ògiri, ẹlẹ́wọ̀n kan sì ń ná ìjọba ní ohun tó ju 10 dọ́là lọ lóòjọ́, nígbà tí ti ẹ̀wọ̀n Atlanta jẹ́ nǹkan bí dọ́là 3. Ìjọba ní ó ti pọ̀ jù. Owó ọkọ̀ ojú omi tiyín nìkan ti tó ìlọ́po mẹ́rin, oúnjẹ kò sí níbẹ̀, ẹ kò sì tíì sun ibẹ̀ mọ́jú.

Ìpadàbọ̀ kò ní wàhálà: wọn kì í kọ aago rẹ̀ sí tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ lè wọ ọkọ̀ yòówù tó bá dé, títí dórí èyí tó kẹ́yìn. Ẹ máa dé Pier 33, ẹ máa wá bọ́ọ̀sì, ẹ máa wá amọ̀nà tó ti ń kà yín láti àárọ̀. Ó ti lọ. Nínú ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, lábẹ́ pátápátá, wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ ọ́ pé kí kálukú wá ọ̀nà ara rẹ̀ dé òtẹ́ẹ̀lì.